Bí ẹ ṣe lè tẹ̀ lé kírikẹ́ẹ̀tì àsìkò ooru ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ilẹ̀ Okun

Ẹ kọ́kọ́ wo aago yín. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta títí di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, aago Lọ́ńdọ̀nù àti aago tiwa bára mu rẹ́gí. Bí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ní pápá Lord's ní Lọ́ńdọ̀nù ní 11 àárọ̀, 11 àárọ̀ náà ló lù ní Kàbà. Ibòmíràn kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀ fún wa. Ẹni tó bá fẹ́ wo Test, eré ọlọ́jọ́ márùn-ún, ní Melbourne ní Ọsirélíà, 12:30 òru ni yóò jókòó. Ti Íńdíà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní 5 ìdájí wa, ti Gúúsù Áfíríkà ní 9 àárọ̀, ti West Indies ní 3 ọ̀sán.

Ohun kejì tó gbè wá ni bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Líìgì àwọn òyìnbó máa ń parí ní oṣù Karùn-ún, kì í sì í padà títí di oṣù Kẹjọ. Àyàfi ọdún tí Ife Àgbáyé bá wà, ẹnu àwọn ọ̀dọ́ máa ń dákẹ́ láàárín ìgbà yẹn, ìgbà yẹn gan-an sì ni kírikẹ́ẹ̀tì ń gbóná ní Ìlú Ọba.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ooru tiwọn ni òjò tiwa. Iná á lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á máa ṣe sẹ́gẹsẹ̀gẹ. Nítorí náà, a kò gbé ìtọ́sọ́nà yìí lé fídíò. A gbé e lé ọ̀rọ̀ kíkọ tó ń jáde ní bọ́ọ̀lù-dé-bọ́ọ̀lù, ìwé ọmọléèwé kan, àti pẹ́ńsù. Ẹni tó bá mọ ayò kà kò nílò àwòrán púpọ̀.

Irú eré tó yẹ kí ẹ yan

Oríṣi mẹ́ta ni eré àgbáyé. Nínú T20, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ófà 20, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ló sì ń gbà. Ófà kan ni bọ́ọ̀lù mẹ́fà láti ọwọ́ ajubọ́ọ̀lù kan. Eré ọlọ́jọ́ kan jẹ́ ófà 50 fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú kí ó tó parí. Test ni bàbá wọn: ọjọ́ márùn-ún, ófà 90 lójúmọ́, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì lè gbé báàtì lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti T20 torí ó yá. Ìmọ̀ràn yẹn dára fún ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Fún ẹni tó lọ oko láàárọ̀ tó tún ṣí ìsọ̀ lọ́sàn-án, Test ló bá iṣẹ́ mu jù. Ẹ lè tajà fún ààbọ̀ wákàtí, kí ẹ yọjú wò ó, kí ẹ má sì sọnù. Bí ẹ bá pa ojú dé fún ààbọ̀ wákàtí nínú T20, ó lè jẹ́ pé eré ti yí padà pátápátá.

Ẹ di àkókò Test mú: 11 àárọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń lọ jẹun ní 1 ọ̀sán, wọ́n á padà ní 1:40; tíì wà ní 3:40 sí 4; 6 ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń parí, ó sì lè fi ààbọ̀ wákàtí lé e bí ófà ọjọ́ náà kò bá pé. Bí òjò bá rọ̀ sí wọn, gbogbo èyí lè yí padà, ẹ má bínú.

Eré fúnra rẹ̀, ní ṣókí: ènìyàn 11 ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Igi mẹ́ta wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì, gíga wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 71, àárín ìpẹ̀kun méjèèjì sì jẹ́ mítà 20 ó lé díẹ̀. Ẹ fẹsẹ̀ wọn ọ́n ní àgbàlá, ìṣísẹ̀ gígùn 22, kí ẹ lè mọ bí ó ti jìnnà tó, kí ẹ sì ro bọ́ọ̀lù líle tó tó gíráàmù 160 tó ń bọ̀ láti ibẹ̀. Oníbáàtì méjì ló máa ń wà lórí pápá. Bí wọ́n bá sáré pàṣípààrọ̀ ibi, ayò kan. Bí bọ́ọ̀lù bá yí dé ààlà pápá, mẹ́rin. Bí ó bá fò kọjá ààlà láì kan ilẹ̀, mẹ́fà. Bí bọ́ọ̀lù bá wó igi, bí ẹnìkan bá hán an kó tó kan ilẹ̀, bí oníbáàtì bá fi ẹsẹ̀ dí bọ́ọ̀lù tí ìbá lu igi, tàbí bí wọ́n bá fi bọ́ọ̀lù wó igi kí ó tó sáré dé, ó ti jáde nìyẹn: wíkẹ́ẹ̀tì kan. Wíkẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá, ẹgbẹ́ ti tán.

Ẹ fi káàdì ayò kan kọ́ ojú

Ní 20 oṣù Kìíní ọdún 2025, ní Kuching lórílẹ̀-èdè Malaysia, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí kò tíì ju ọdún 19 lọ pàdé New Zealand ní Ife Àgbáyé T20 tiwọn. Òjò ti gé eré náà kù sí ófà 13. Báyìí ni wọ́n kọ ọ́:

Nàìjíríà 65/6 (13)
New Zealand 63/6 (13)

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ayò, èyí tó tẹ̀ lé e ni wíkẹ́ẹ̀tì tó ti ṣubú, tinú àkámọ́ ni ófà. Nígbà tó ku ófà kan, ayò 9 ni New Zealand ń wá. Lillian Udeh ló ju ófà náà, 6 péré ni wọ́n rí mú. Nàìjíríà fi ayò méjì borí. Bí ẹ bá lè ka ìlà méjì yẹn kí àyà yín sì já, ẹ ti ń tẹ̀ lé kírikẹ́ẹ̀tì.

Ìdẹkùn méjì wà níbẹ̀. Àwọn ará Ọsirélíà máa ń fi wíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú: 6/65 ni wọn yóò kọ. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ayò mẹ́fà ni. Èkejì ni àmì tó wà nínú ófà. 12.3 kì í ṣe méjìlá àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ófà 12 àti bọ́ọ̀lù 3 ni, ìyẹn bọ́ọ̀lù 75. Bí ẹgbẹ́ kan bá ní ayò 87 ní ófà 12.3, ẹ pín 87 sí 75, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 6: 6.96 ayò ní ófà kan. Bí ẹ bá fi 12.3 pín in tààrà, 7.07 ni yóò fún yín, irọ́ ni.

Iná àti dátà

Ìjì oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án kò mọ eré. Ẹ má fi ọjọ́ karùn-ún Test lé NEPA lọ́wọ́. Bí bátìrì tẹlifóònù yín bá jẹ́ 5,000 mAh, power bank 10,000 mAh kò ní kún un lẹ́ẹ̀mejì bí ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ ṣe wí. Ẹ̀ẹ̀kan àti díẹ̀ ni, torí 3.7 volt ni ti inú rẹ̀, 5 volt ni ó ń tú jáde, ooru sì ń jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ gbé méjèèjì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi jẹnẹrétọ̀ gba iná sí fóònù kí 8 àárọ̀ tó lù, kí ẹ lè gbà á padà kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí àrá bá ti ń sán, ẹ yọ ṣájà kúrò lára ògiri. Fóònù tó jóná kò lè ka ayò fún ẹnikẹ́ni.

Ní ti dátà, ìṣirò rẹ̀ nìyí. Fídíò tó kéré jù tí ojú lè rí bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀ dáadáa, 360p, ń jẹ nǹkan bíi 300 MB ní wákàtí kan. Wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ jẹ́ 1.8 GB, ọjọ́ márùn-ún, 9 GB. Ohùn lásán ní 64 kbps ń jẹ 29 MB ní wákàtí kan, kò tó 180 MB lójúmọ́. Ọ̀rọ̀ kíkọ lórí ìkànnì ESPNcricinfo tàbí Cricbuzz kéré sí èyí gan-an, bí ẹ bá ti pa fídíò tó ń dá ṣí ara rẹ̀. Inú ètò fóònù ni ẹ ti máa pa á, ẹ sì tan ìró ìkìlọ̀ wíkẹ́ẹ̀tì nìkan. Bí ẹ bá tan ti ayò mẹ́rin-mẹ́rin mọ́ ọn, fóònù yóò máa pariwo bí ọjọ́ ọjà.

Ní ti ohùn, ètò rédíò Test Match Special ti BBC ti wà láti ọdún 1957, kò sì sí èyí tó dùn tó o létí. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí wọ́n ń tà fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan kì í jẹ́ kí ó ṣí fún gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn odi. Ẹ dán an wò lọ́jọ́ tó ṣáájú eré, kì í ṣe ní 10:59.

Ní abúlé tí òkè bá dí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ wá ibi kan ṣoṣo tí ó ti ń wọlé, kí ẹ máa lọ síbẹ̀ ní 1 ọ̀sán, 3:40 àti 6 ìrọ̀lẹ́. Ní àkókò wọ̀nyẹn eré ti dúró, ayò kò sì ní sá fún yín.

Ìwé ìṣirò

Apá yìí ló gba sùúrù jù, òun náà ló sì dùn jù. Ẹ ra ìwé olójú-ewé 80 àti pẹ́ńsù. Ẹ má lo báírò, torí adájọ́ orí pápá lè yí ìdájọ́ padà lẹ́yìn tí wọ́n bá wo fídíò. Ẹ fi rúlà pín ojú ewé méjì tó kọjú síra.

Ní òsì, ẹ to nọ́ńbà 1 sí 11 sísàlẹ̀ fún àwọn oníbáàtì. Iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi àyè gígùn sílẹ̀ fún bọ́ọ̀lù tí ó bá gbà, lẹ́yìn náà bí ó ṣe jáde, lẹ́yìn náà ayò rẹ̀. Sísàlẹ̀ wọn ni ìlà èénì. Bí ìyá oníṣu ṣe ń fi kan lé e fún ẹni tó ra púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ayò kan ṣe ń wọlé tí kò ti ọwọ́ oníbáàtì kankan wá. Mẹ́rin ló wọ́pọ̀: wd, bọ́ọ̀lù tó jìnnà jù fún oníbáàtì, nb, èyí tí ajubọ́ọ̀lù jù lọ́nà tó lòdì sófin, bíi kí ó tẹ ìlà kọjá, b, èyí tó kọjá láì kan ẹnikẹ́ni tí wọ́n sì sáré, lb, èyí tó kan ara, tí kò kan báàtì.

Ní ọ̀tún, ẹ kọ orúkọ àwọn ajubọ́ọ̀lù, kí ẹ pín àpótí kékeré fún ófà kọ̀ọ̀kan.

Bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní ibi mẹ́ta tí ẹ ti máa kọ ọ́: iwájú oníbáàtì, àpótí ajubọ́ọ̀lù, àti àpapọ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ófà kan. Ẹgbẹ́ wà ní 87/3 lẹ́yìn ófà 13. Ófà kẹrìnlá lọ báyìí:

.   1   wd   4   .   W   1

Àmì tótó jẹ́ bọ́ọ̀lù tí kò mú ayò wá. Ẹ kà á: ohun méje ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wd kì í ṣe ara mẹ́fà, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un jù. Ayò jẹ́ 1, 1, 4 àti 1, ìyẹn 7. Wíkẹ́ẹ̀tì kan. Ẹgbẹ́ di 94/4. Oníbáàtì tó lu ayò kan ní bọ́ọ̀lù ìkẹyìn ti bọ́ sí ìpẹ̀kun kejì, ìpẹ̀kun kejì náà ni wọ́n sì ń jù sí ní ófà tó kàn; nítorí náà òun náà ni yóò gba bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ ìwé ti ń ṣìnà, wọ́n á máa fi ayò oníbáàtì kan kún ti èkejì.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé nìyí, ẹ fi sọ́kàn. Wd kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí oníbáàtì gbà, ṣùgbọ́n nb jẹ́ bọ́ọ̀lù tí ó gbà. Méjèèjì wà lọ́rùn ajubọ́ọ̀lù. B àti lb kò sí lọ́rùn rẹ̀, nítorí náà wọn kò ba ófà òfo rẹ̀ jẹ́; ófà òfo ni èyí tí ajubọ́ọ̀lù kò jẹ gbèsè ayò kankan nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá wó igi kí ẹni tó ń sáré tó dé, wíkẹ́ẹ̀tì náà kì í ṣe ti ajubọ́ọ̀lù, ẹ má kọ ọ́ fún un. Bí ẹ bá rí 4-1-22-3 níwájú orúkọ rẹ̀, ó túmọ̀ sí ófà 4, òfo 1, ayò 22 tó jẹ́ kó lọ, wíkẹ́ẹ̀tì 3.

Nígbà ìsinmi ọ̀sán, ẹ ṣe àyẹ̀wò. Ayò gbogbo oníbáàtì pẹ̀lú èénì gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú àpapọ̀. Ayò tó wà lọ́rùn àwọn ajubọ́ọ̀lù pẹ̀lú b àti lb gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú àpapọ̀ kan náà. Bí ti àkọ́kọ́ bá pé tí ti kejì kò pé, ọ̀tún ni àṣìṣe wà. Ẹ wá wd tí ẹ gbàgbé. Bí méjèèjì bá kùnà pẹ̀lú iye kan náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já láàárín ófà kan, ẹ padà lọ ka ófà náà lórí ìkànnì.

Ohun tó yẹ kí ẹ máa ṣọ́

Kí 11 tó lù, ẹ wo ojú ọjọ́ ìlú tí wọ́n ti ń gbá a, kì í ṣe ti Lọ́ńdọ̀nù bí eré bá wà ní Leeds. Bí ìkùukùu bá bolẹ̀, bọ́ọ̀lù pupa tuntun máa ń tẹ̀ lójú afẹ́fẹ́, wíkẹ́ẹ̀tì á máa já lu ara wọn, ẹ má kúrò nídìí fóònù ní wákàtí àkọ́kọ́. Bí oòrùn bá ràn, ẹ lè lọ palẹ̀ oko mọ́ títí di ìsinmi ọ̀sán.

Lẹ́yìn ófà 80, àwọn tó ń jù lè béèrè bọ́ọ̀lù tuntun. Ẹ ka ófà náà lọ́kàn. Nǹkan máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín 80 sí 90. Ní ọjọ́ kẹrin àti ìkarùn-ún, ilẹ̀ á ti máa sán, ọwọ́ àwọn tó ń yí bọ́ọ̀lù á sì dé.

Bí òjò bá gé eré ọlọ́jọ́ kan tàbí T20 kù, ẹ óò rí lẹ́tà DLS. Frank Duckworth àti Tony Lewis ló ṣe ìṣirò náà, Steven Stern sì tún un ṣe. Ó ń wo ófà tó kù pẹ̀lú wíkẹ́ẹ̀tì tó kù, kí ó tó sọ iye ayò tuntun tí wọn óò máa lé. Ìdí nìyẹn tí iye náà kò fi ń bá ìdá ófà lásán mu. Ẹ má jiyàn pẹ̀lú rẹ̀, ẹ pa ti àtijọ́ rẹ́ kí ẹ kọ tuntun.

Ní ilé ìwòran

Onílé ìwòran bọ́ọ̀lù kò rí owó púpọ̀ ní oṣù Keje. Bí ẹ bá ti kí i ní "Okun o" tán, ẹ bi í bóyá káàdì tó ń san ní ìkànnì kírikẹ́ẹ̀tì nínú, kí ẹ sì sọ ọjọ́ àti wákàtí gan-an. Ẹ má bẹ̀ ẹ́ fún odindi Test, kò ní gbà, bí ó bá sì gbà epo jẹnẹrétọ̀ á jẹ ẹ́ run. Ẹ bẹ̀ ẹ́ fún T20 6:30 ìrọ̀lẹ́, wákàtí mẹ́ta, tàbí fún àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún bí eré bá ṣì gbóná. Ènìyàn mẹ́wàá tó san owó sílẹ̀ sàn ju ogún tó ṣèlérí lọ. Kí ẹnìkan gbé ìwé ìṣirò dání kí ó máa ṣàlàyé fún àwọn tuntun, ṣùgbọ́n kí gbogbo yín pa ọ̀rọ̀ kíkọ orí fóònù. Fídíò máa ń pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó bá pariwo "ó ti jáde!" kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ ajubọ́ọ̀lù lójú tẹlifíṣọ̀n ti ba ilé jẹ́.

Bí ẹ ṣe ń kọ àbájáde

Ọ̀mì àti ayò tó dọ́gba kì í ṣe ohun kan náà. Bí ọjọ́ márùn-ún bá tán tí ẹgbẹ́ tó ń lé kò tíì dé ibẹ̀, tí wíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò sì tán, ọ̀mì ni, bí ó tilẹ̀ ku ayò kan. Dídọ́gba ni kí gbogbo wọn tán lórí iye kan náà, ó sì ṣọ̀wọ́n gan-an nínú Test.

Bí ẹgbẹ́ tó gbẹ̀yìn lu bá borí, wíkẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ́ kù fún un ni ẹ óò kọ. Bí ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ lu bá borí, ayò ni. Ibẹ̀ ni àwọn tó mọ̀ ọ́n kà pàápàá ti ń fi ọ̀kan lé e. Ẹ wo pápá The Oval ní Lọ́ńdọ̀nù, 4 oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Test karùn-ún láàárín Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Íńdíà. Íńdíà ti ní 224 àti 396, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 247 ní àkọ́kọ́. 620 yọ 247, ó ku 373, nítorí náà 374 ni wọ́n ń lé. Nígbà tí wọ́n jí ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, 339/6 ni wọ́n wà, ayò 35 ló kù. Wákàtí kan kò tíì pé tí gbogbo rẹ̀ parí. Chris Woakes jáde wá pẹ̀lú apá kan tó so rọ̀ lábẹ́ aṣọ torí èjìká rẹ̀ ti yẹ̀, ó dúró sí ìpẹ̀kun kejì láì gba bọ́ọ̀lù kankan. Mohammed Siraj sì wó igi Gus Atkinson. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tán sí 367.

374 yọ 367 jẹ́ 7, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ á kọ. Ṣùgbọ́n 373 ni ayò tí ìbá mú wọn dọ́gba, ibẹ̀ ni ẹ ti máa yọ ọ́: 373 yọ 367. Íńdíà fi ayò 6 borí. Ẹ fi rúlà fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ kọ déètì sí i, kí ẹ sì ṣí ojú ewé tuntun.